Wáyà Tó Sùn Sínú Ògiri

Bí àlejò bá wọ ìlú Ìdí-Òro tó ń béèrè ilé Oyèékànmí, wọ́n lè bi í pé Oyèékànmí wo. Ṣùgbọ́n bó bá ti ní Bàbá Wáyà, ọmọ ọdún mẹ́ta á nawọ́ síbẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni bàbá náà fi ta wáyà tẹlifóònù fún ìjọba, láti orí òpó kan dé orí òpó kejì, nínú oòrùn àti nínú òjò. Ó ti fẹ̀yìn tì, tẹlifóònù olówáyà pàápàá ti fẹ̀yìn tì ṣáájú rẹ̀, síbẹ̀ bàbá kò gbà pé wáyà kan wà láyé tó lè gbójú sókè wo òun. A máa sọ pé, "Wáyà tó bá rí mi, ìkúnlẹ̀ ni yóò fi kí mi." Àwa aládùúgbò a sì rẹ́rìn-ín. Ènìyàn dáadáa ni, kò láhun, kì í bá ènìyàn jà. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti wáyà, etí rẹ̀ a di.

Ìyàwó rẹ̀ ni Ìyá Ìbídùnní, tí òun nìkan ń pè ní Àwẹ̀ró. Ọkọ ní wáyà, aya ní ògiri. Òun ló ń lé orin fún Ẹgbẹ́ Ìrẹ́pọ̀dùn, àwọn obìnrin mẹ́tàlélógún tó ṣì mọ bí a ti ń fi ẹrẹ̀ pupa rẹ́ ògiri ilé alámọ̀ títí yóò fi jọ̀lọ̀. Ilé onísìmẹ́ǹtì ti pọ̀ ní Ìdí-Òro lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ilé àtijọ́ kò tíì tán, àwọn obìnrin wọ̀nyí ni kò sì jẹ́ kí wọ́n wó. Wọ́n ní àṣà kan. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dùbúlẹ̀ àìsàn, àwọn yòókù á po ẹrẹ̀, wọn á wá rẹ́ ògiri ilé rẹ̀, kó lè dìde sínú ilé tuntun. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti rẹ́ ẹ, èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ ògiri náà títí ẹni tó dùbúlẹ̀ yóò fi fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde. Wọ́n ní ẹni tó bá fọ́ ògiri, ara aláìsàn ló fọ́.

Tọkọtaya yìí kì í jà, àfi lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí wọ́n ra dẹkódà, tí wọ́n sọ òpó áńtẹ́nà àtijọ́ kalẹ̀, Ìyá Ìbídùnní mú wáyà rẹ̀, ó ta á láti ara igi ọsàn dé ara igi àgbálùmọ̀ lẹ́yìnkùlé, ó ń sá aṣọ sí i. Inú bí Bàbá Wáyà. Ó ní ta ló gbọ́ ọ rí, wáyà tó ń gbé àwòrán, kí wọ́n wá gbé ìró tútù kọ́ ọ lọ́rùn? Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi gba ẹ̀yìnkùlé kọjá. Nígbà tó yá, ó gbàgbé.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, àwọn oníṣẹ́ tẹlifíṣàn wá láti olú-ìlú ìpínlẹ̀ wa, wọ́n wá ya fíìmù bí àwọn Ìrẹ́pọ̀dùn ṣe ń rẹ́ ògiri. Ìyá Ìbídùnní ló dúró síwájú, gèlè aláró lórí, ẹrẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ó ń lé orin. Wọ́n dá ọjọ́ fún wọn: Sátidé báyìí, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ jókòó ti tẹlifíṣàn yín. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n padà lọ ni ìyá yìí yọ̀ lórí ẹrẹ̀ tútù tí eegun ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣẹ́. Bàbá tó ń to eegun wá, ó fi pákó dì í. Ó ní fún ogójì ọjọ́ gbáko, ẹsẹ̀ náà kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gbé obìnrin náà kúrò lórí ibùsùn. Nígbà tí wọ́n ka ọjọ́ wò, Sátidé tẹlifíṣàn bọ́ sí ọjọ́ kẹrìnlélọ́gbọ̀n.

Ìyá Ìbídùnní kò sunkún nítorí ẹsẹ̀. Nítorí Sátidé ló ṣe sunkún. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, yàtọ̀ sí fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ àti ojú dígí, kò rí ara rẹ̀ rí. Kò mọ bí òun ṣe ń rìn. Kò mọ bí ojú òun ṣe ń rí nígbà tí òun bá ń lé orin. Ó fẹ́ mọ̀ ọ́n kó tó kú, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ láìfi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀.

"Ẹ gbé tẹlifíṣàn wá bá mi ní yàrá," ló wí fún ọkọ rẹ̀.

"Àwọn ẹgbẹ́ rẹ méjìlélógún ńkọ́? Orí ibùsùn rẹ ni wọn ó jókòó sí?"

Òtítọ́ ni. Yàrá náà kò gbà ju ibùsùn, àpótí aṣọ, àti tẹlifíṣàn kékeré àtijọ́ kan tó ti sùn sí igun láti ọjọ́ pípẹ́. Pálọ̀ ni tẹlifíṣàn ńlá àti dẹkódà wà, ibẹ̀ sì ni gbogbo àlejò yóò jókòó. Ohun tó kù ni kí wáyà gbé àwòrán láti ara dẹkódà lọ sí ara tẹlifíṣàn kékeré. Ohùn kò ní wàhálà, nítorí bí wọ́n bá yí ti pálọ̀ sókè, ilé mẹ́ta ni yóò gbọ́. Àwòrán ni ìṣòro. Bàbá Wáyà lọ sọ́jà, ó wo gbogbo wáyà fídíò tó wà níbẹ̀. Èyí tó gùn jù nínú wọn kò lè jáde kúrò ní pálọ̀.

Ó padà wálé tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Àwẹ̀ró, fọkàn balẹ̀. Èmi fúnra mi ni yóò ṣe é. Ìwọ ò mọ ẹni tó fẹ́ ọ ni?"

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí wáyà tó ń gbé àwòrán yìí ṣe rí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Kò rí bíi wáyà iná. Bàbà tín-ín-rín kan ló wà láàárín rẹ̀, rọ́bà funfun wé e, irun bàbà wẹ́wẹ́ tún wé rọ́bà náà, kí awọ dúdú tó bo gbogbo rẹ̀. Bàbà àárín àti irun tó yí i ká kò gbọdọ̀ fara kanra. Bí ẹyọ irun kan péré bá yọ́ lọ kan bàbà àárín, ẹ dágbére fún àwòrán. Bàbá Wáyà mọ èyí bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ṣí àpótí iṣẹ́ rẹ̀. Ó rí ègé wáyà méjì tó ti tọ́jú láti ọdún gbọ́nhan, èyí kò gùn tó, èyí kò gùn tó, ni ó bá so wọ́n pọ̀. Ó ki irin sínú ẹyin iná, ó yọ́ òjé sí ojú ibi tó so náà, ó fi téèpù dúdú wé e. Ó fi ẹnu wáyà aláwọ̀ ìyeyè kọ̀ọ̀kan sí orí méjèèjì. Kí àwọn àlejò má baà fẹsẹ̀ kọ́ ọ, ó gbẹ́ ojú ihò tóóró sára ògiri láti pálọ̀ dé yàrá, ó tẹ́ wáyà sínú rẹ̀, oríkèé rẹ̀ sì bọ́ sí agbedeméjì ògiri gan-an. Ó kù kó dán an wò, ṣùgbọ́n iná ìjọba ti lọ láti Mọ́ńdè. Jẹnẹrétọ̀ Mùfútáù aládùúgbò wọn ni wọ́n ń retí, Sátidé nìyẹn yóò sì tó wá.

Bó ṣe ń nu ọwọ́ rẹ̀ ni àwọn Ìrẹ́pọ̀dùn já wọlé pẹ̀lú igbá ẹrẹ̀. Wọ́n wá rẹ́ ògiri ilé ọ̀rẹ́ wọn. Ìyá Rọ́mọkẹ́, olórí wọn, rí ihò tóóró tó gba ojú ògiri kọjá.

"Ọkọ wa, ejò wo ló gba ibí kọjá? Ṣé ká bò ó ni, àbí ká fi sílẹ̀?"

"Ẹ bò ó, ẹ̀yin ìyàwó mi. Ẹ bò ó kó jọ̀lọ̀."

Láti orí ibùsùn ni Ìyá Ìbídùnní ti ké sí i. "Bàbá Ìbídùnní, ṣé ẹ ti dán an wò?"

"Iná wà ni?"

"Gílóòbù tọ́ọ̀ṣì àti bátìrì yẹn ńkọ́, tí ẹ ní ẹ fi ń dán wáyà wò níbi iṣẹ́?"

"Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ la ń ní kó ṣe ìyẹn." Bàbá Wáyà fẹ àyà. "Àwẹ̀ró, odò mẹ́ta ni mo ta wáyà kọjá. Ṣé wáyà yàrá ìyàwó mi ni yóò wá dójú tì mí?"

Àwọn obìnrin pariwo, wọ́n ní ọkọ àwọn gbówọ́. Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọwọ́ mẹ́rìnlélógójì ń lọ, ọwọ́ mẹ́rìnlélógójì ń bọ̀, ẹni tó dùbúlẹ̀ ń lé orin láti inú yàrá, wọ́n sì ń gbè é:

Ẹ bá wa rẹ́ ẹ o, kó jọ̀lọ̀,
Ẹni tó sùn á dìde wá kí wa.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ènìyàn kò lè mọ ibi tí ihò náà ti wà rí. Ògiri jọ̀lọ̀ bí ikùn ìkòkò tuntun. Bàbá Wáyà fi ọwọ́ pa á, inú rẹ̀ dùn.

Sátidé dé. Ní agogo méjì ààbọ̀, Mùfútáù fa okùn jẹnẹrétọ̀, iná tàn. Tẹlifíṣàn pálọ̀ mú àwòrán wá, ó mọ́ kedere. Bàbá Wáyà rìn wọ yàrá bí ọba, ó tan tẹlifíṣàn kékeré, ó fi ẹnu wáyà sí i. Dúdú. Ó yọ ọ́, ó tún fi í sí i. Dúdú. Ó gbá orí tẹlifíṣàn náà pẹ́pẹ́. Ó ṣí ẹnu wáyà ti yàrá, kò rí nǹkan kan. Ó sáré lọ ṣí ti pálọ̀, kò rí nǹkan kan. Nígbà náà ló rántí oríkèé tó wà nínú ògiri. Òógùn bò ó.

Ó mú ọ̀bẹ, ó kọrí sí ògiri. Ìyá Rọ́mọkẹ́ ti dúró sí iwájú rẹ̀.

"Ọkọ wa, ọ̀bẹ yẹn ńkọ́?"

"Ibì kan péré ni mo fẹ́ là. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ."

"Ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ wa lẹ fẹ́ là." Kò pariwo, kò sì rẹ́rìn-ín. Àwọn mọ́kànlá tó ti dé wá tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde, ẹ wó gbogbo ògiri. Kò tíì jáde."

Bàbá Wáyà sọ ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó wọ yàrá lọ, ó jókòó sórí àpótí aṣọ, kò lè wo ojú aya rẹ̀. Ojú tì í, àánú obìnrin náà sì ṣe é ju ìtìjú lọ.

"Àwẹ̀ró, mo ti ba tìrẹ jẹ́. O sọ fún mi, mi ò gbọ́."

Ìyá Ìbídùnní wo tẹlifíṣàn dúdú náà. Ó ti wé gèlè aláró yẹn gan-an láti àárọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè dìde. Ó béèrè pé, "Agogo mélòó ló lù?"

"Mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

"Bàbá Ìbídùnní, okùn tí mo ń sá aṣọ sí lẹ́yìnkùlé, kí ni wọ́n fi ṣe é?"

Bàbá Wáyà fò dìde. "Wáyà áńtẹ́nà! Odindi ni, kò ní oríkèé kankan!"

"Ìyẹn tí ẹ tìtorí ẹ̀ bínú fọ́jọ́ mẹ́ta."

"Àwẹ̀ró, jọ̀ọ́, máa fi mí ṣẹ̀sín tó bá di àárọ̀ ọ̀la!"

Ó ti dé ẹ̀yìnkùlé kó tó parí ọ̀rọ̀. Àwọn obìnrin tẹ̀ lé e, wọ́n ká aṣọ kúrò lórí okùn, ẹnì kan gbé ìró, ẹnì kan gbé ṣòkòtò Bàbá Wáyà sí èjìká, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n tú wáyà lára igi ọsàn àti igi àgbálùmọ̀, wọ́n ká a bí okùn malúù. Bàbá Wáyà gé ẹnu wáyà méjèèjì tó yọrí lára ògiri, ó bọ́ awọ dúdú, ó ya irun bàbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó yọ́ òjé. Nígbà tó parí orí kejì, agogo mẹ́ta ti kọjá ogójì ìṣẹ́jú, àwọn Ìrẹ́pọ̀dùn yòókù sì ti kún pálọ̀.

Ó gbé wáyà náà, ó dorí kọ ojú fèrèsé kó lè gbà á níta yí ilé ká. Kò sẹ́ni tó rán an létí. Òun fúnra rẹ̀ ló dúró lójijì. Ó wo ògiri tó ń kọ mànà, ó mirí, ó padà.

"Ẹ bá mi mú tọ́ọ̀ṣì wá."

Ó tú tọ́ọ̀ṣì, ó yọ gílóòbù àti bátìrì, ó fi ègé wáyà kéékèèké so wọ́n pọ̀. Ó fi ọ̀kan kan bàbà àárín, ó fi èkejì kan irun ẹ̀gbẹ́. Gílóòbù tàn yòò. Àwọn obìnrin bú sáriwo ayọ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Ẹ má pàtẹ́wọ́!" Bàbá Wáyà gbé ọwọ́ sókè. "Iná tó tàn yìí, ibi ló sọ. Àwọn méjèèjì ń fara kanra nínú. Kò yẹ kó tàn."

Ó ṣí ẹnu wáyà kìíní, kò rí nǹkan. Ó ṣí èkejì, ó gbé e súnmọ́ ojú. Ẹyọ irun bàbà kan ló tẹ̀, tó lọ fara ti bàbà àárín jẹ́jẹ́ bí olè. Ó fi èékánná yọ ọ́, ó gbé e sókè kí gbogbo wọn rí i. Ó pa ẹnu wáyà dé, ó tún dán an wò. Gílóòbù kò tàn. Ni Bàbá Wáyà bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

"Kò mà tàn o, ọkọ wa," ni Ìyá Rọ́mọkẹ́ wí pẹ̀lú àánú.

"Àìtàn rẹ̀ ni mò ń jó!" Ó wá fi gílóòbù náà kan bàbà àárín ní orí kan, ó fi bátìrì kan bàbà àárín ní orí kejì. Ó tàn yòò. "Kò sí ibi tó já! Ẹ wá pàtẹ́wọ́ yín báyìí."

Wọ́n pa á débi pé adìyẹ fò lórí ìtẹ́. Èmi tí mò ń kọ ìtàn yìí wà lójú fèrèsé níta, ọwọ́ mi ni wọ́n na wáyà náà sí, mo sì gbà á yí ẹ̀yìn ilé dé fèrèsé yàrá. Bàbá Wáyà ti sáré gba inú ilé débẹ̀. Ó fi ẹnu wáyà sí ara tẹlifíṣàn kékeré náà, ó di ojú.

Àwòrán dé. Ìpolówó ọṣẹ ló kọ́kọ́ hàn, mi ò sì rí ìpolówó ọṣẹ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí agogo mẹ́rin lù, ògiri pupa kan hàn, lẹ́yìn náà ọwọ́ tí ẹrẹ̀ bò, lẹ́yìn náà obìnrin kan tó wé gèlè aláró, tó gbójú sókè, tó lanu.

Ìyá Ìbídùnní nàka sí i.

"Ta ni ìyá arúgbó yìí tó wé gèlè mi?"

Ẹ̀rín pa wá. Ṣùgbọ́n omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀. "Hẹn-ẹn! Bí mo ṣe ń ṣe nìyí? Bí mo ṣe ń mirí nìyí?"

"Bí o ṣe ń ṣe nìyẹn, Àwẹ̀ró," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn. "Bó o ṣe ń ṣe nìyẹn ní gbogbo ọdún tí mo ti ń wò ọ́."

Ìyá inú tẹlifíṣàn lé orin. Ìyá orí ibùsùn bá a lé e. Àwọn tó wà ní pálọ̀ ń gbè é fún àwọn méjèèjì, kò sì sẹ́ni tó lè mọ ohùn tó ti inú àpótí wá yàtọ̀ sí èyí tó ti inú yàrá wá.

Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, Ìyá Ìbídùnní fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde, ó fara ti ọ̀pá díẹ̀. Ìyá Rọ́mọkẹ́ ní kí Bàbá Wáyà wá fọ́ ògiri kó yọ wáyà rẹ̀. Bàbá kọ̀. Ó ní kó sùn síbẹ̀, olùkọ́ òun ni. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnì kan bá wá fi ọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́, bóyá ọkọ tí wọ́n pàdé lánàá tí wọ́n fẹ́ bá ṣègbéyàwó lọ́la ni o, tàbí iṣẹ́ tuntun tí wọ́n fẹ́ torí rẹ̀ fi ti àtijọ́ sílẹ̀, bàbá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. A kàn fi ìka kan ògiri kó-kó-kó. Ìyá Ìbídùnní yóò sì ti ibi tó jókòó sí rẹ́rìn-ín, nítorí ó mọ ohun tí ọkọ rẹ̀ ń sọ. Kó tó pẹ́, gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n, àwọn tí kò rí ògiri náà rí pàápàá ti ń wí i. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀ nìyẹn, tí àwọn àgbà Ìdí-Òro fi máa ń kìlọ̀ fún oníwàǹwára pé: a kì í rẹ́ ògiri bo wáyà tí a kò tíì dán wò.